Etí Tí Ń Hó, Etí Tí Ń Di: Ohun Tí Àwọn Olùwádìí Wa Ti Rí

Ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ni Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Christ's School ní Adó-Èkìtì ló ti ka ìwé girama, kó tó kọjá sí Ìbàdàn lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Dókítà iṣan àti ọpọlọ ni, kì í ṣe dókítà etí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ròyìn ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣe lórí etí àti ìgbọ́ràn nílẹ̀ Yorùbá, tí kò bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdajì ìtàn ló mú lọ́wọ́.

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn aláìsàn kan ń ti agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú wá sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ ń ta wọ́n, ó ń jó wọn. Wọn ò lè rìn tààrà mọ́, àgàgà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ojú wọn ń ṣókùnkùn, etí wọn ń hó, ó sì ń di díẹ̀díẹ̀. Tálákà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Gottlieb Monekosso, ọmọ Kamẹrúùnù tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, ti kọ̀wé nípa àìsàn yìí ṣáájú. Ọ̀ṣuntókun ló wá fi tọwọ́tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò jókòó sílé ìwòsàn kó máa retí ẹni tí yóò wá. Ó wọ abúlé lọ, ó ń yẹ àwọn ènìyàn wò, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ. Ní 1968, ìwé ńlá tó kọ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde nínú Brain, ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀n. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà.

Gbágùúdá ni Ọ̀ṣuntókun nàka sí. Purupuru àti gàrí ni àwọn aláìsàn náà ń jẹ lójoojúmọ́, ẹran àti ẹja inú ọbẹ̀ wọn kò sì tó nǹkan. Gbágùúdá tútù ní ohun kan nínú tí ń di sáyánáìdì, májèlé ni. Tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tó kan, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì yan án dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà á bá omi àti ooru lọ. Ìwọ̀nba tó bá kù, ara mọ bó ṣe ń pa á lára dà, ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ tó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ló fi ń ṣe é. Ẹni tó ń jẹ gàrí lójúmọ́ tí kò rí ẹja fi sí i, ara rẹ̀ á máa ná imí-ọjọ́ tí kò ní. Ohun tí Ọ̀ṣuntókun rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn bá èyí mu. Èrò rẹ̀ ni pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, májèlé kékeré yẹn ni ó ń ba iṣan ẹsẹ̀, iṣan ojú àti iṣan etí jẹ́.

Ohun tó kàn wá jù níbẹ̀ ni pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ etí mọ sórí "aláìsàn ní òun kò gbọ́ràn". Ronald Hinchcliffe, onímọ̀ ìgbọ́ràn láti Ìlú Ọba, dara pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣuntókun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ A. O. G. Adeuja. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ìgbọ́ràn àwọn tí àìsàn náà ń ṣe, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1972. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwádìí ìgbọ́ràn wa ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ràn, a wọ̀n ọ́n, a kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹlòmíì sì lè padà wá yẹ nọ́ńbà náà wò lẹ́yìn ogún ọdún.

Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé sáyánáìdì ni ọ̀tá, ó yẹ kí ohun tí ń bá sáyánáìdì jà wo àwọn ènìyàn náà sàn. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò: fítámì B12 irú kan, fítámì B2, àti sísítìnì tó ní imí-ọjọ́ nínú. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1974 kò fi hàn pé oògùn náà ṣe àǹfààní kan pàtó. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ni ìbá ti irú àbájáde bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ẹní. Wọ́n gbé e síta, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Kò sì tíì parí lóòótọ́. Nígbà tí O. S. A. Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ sí Òsósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n sì tẹ ìròyìn wọn jáde ní 2000, àìsàn náà ṣì wà ńbẹ̀: ènìyàn 6 nínú 100 ló ní i, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nínú àwọn obìnrin tó wà láàárín ọgọ́ta sí àádọ́rin ọdún, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló mú. Àwọn kan á ti rò pé àìsàn àtijọ́ ni, pé ọ̀làjú ti lé e lọ. Ohun tó wá da ọ̀rọ̀ rú ni ti Jobele, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Sáyánáìdì tó wọ ara àwọn ará ibẹ̀ láti inú oúnjẹ gbágùúdá pọ̀ gan-an, síbẹ̀ àìsàn náà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ọdún 2002 ni ìròyìn ìwádìí yẹn jáde. Bí gbágùúdá nìkan bá jẹ̀bi, ó yẹ kí Jobele kún fún aláìsàn.

Nítorí náà, ẹjọ́ gàrí ṣì wà nílé ẹjọ́. Wọn kò dá a sílẹ̀, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó láti dá a lẹ́bi. Ọ̀ṣuntókun ti kú ní 1995 kí ìwádìí wọ̀nyí tó jáde, kò sì sí èyí tó bu iyì rẹ̀ kù nínú wọn, nítorí ìwé tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. (Kí ará Èkìtì má sì rẹ́rìn-ín pé oníyán ni wá o. Gàrí ti wọ gbogbo ilé, iṣu sì ti di ọ̀wọ́n.)

Ọ̀pọ̀ ẹni tí etí rẹ̀ ń hó ni kò ní àìsàn Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á kàn gbọ́ ìró kan, yeee, bí ilé bá ti pa rọ́rọ́. Ẹlòmíì á ní ó ń fọn, ẹlòmíì á ní ó ń hó yùùù. Nílé wa, ìtumọ̀ tí wọ́n máa ń fún un ni pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ rẹ níbì kan. Tí ó bá jẹ́ arúgbó, wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ni. Ìtumọ̀ kejì yìí ló burú jù, nítorí ó ń dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

A. O. Lasisi, dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní Ìbàdàn, ló wá kọjá ìtumọ̀ lọ sí kíkà. Ìwádìí ńlá kan lórí ọjọ́ ogbó wà nílẹ̀ tí Oye Gureje ṣe aṣáájú rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ló kárí, Èkìtì sì wà lára wọn. Lasisi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ etí kún un. Nínú àgbàlagbà 1,302 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 14.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní etí òun ń hó. Ọdún 2010 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tó dára nínú iṣẹ́ yìí ni pé ilé ni wọ́n ti lọ bá àwọn àgbàlagbà náà, kì í ṣe pé wọ́n dúró dè wọ́n ní kílíníìkì. Àwọn tí etí wọn ti ṣọyún rí, àwọn tí orí wọn ti fara pa rí, àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ló wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí etí wọn ń hó. Ìgbé ayé àwọn tí etí wọn ń hó sì nira ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣé ọjọ́ ogbó wá ni ọyún etí àti ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìtọ́jú wà fún méjèèjì.

Kì í ṣe àwa nìkan náà. Ìwádìí kan tó kó iṣẹ́ láti gbogbo ayé pọ̀ ní 2022 ṣírò pé ẹni tí kì í ṣe ọmọdé mọ́ tó lé ní 740 mílíọ̀nù ni etí wọn ń hó, bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ó le gan-an lára ohun tó lé ní 120 mílíọ̀nù nínú wọn. Lasisi tún wo ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà. Ó rí i pé fítámì B12 àti èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní melatonin kéré lára àwọn tí etí wọn ń hó láìsí ìdí kan pàtó. Ìròyìn tó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ sáré lọ ra fítámì lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Pé nǹkan méjì jọ wà pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì; Jobele ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Níbo ni ìró náà ti ń wá? Pawel Jastreboff, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Póláńdì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé kan ní 1990 tó yí èrò ọ̀pọ̀ padà. Nínú etí lọ́hùn-ún, sẹ́ẹ̀lì onírun tó bí 15,000 ló wà nínú etí kọ̀ọ̀kan tí ń sọ ìró di ìròyìn fún ọpọlọ. Wọn kì í hù padà tí wọ́n bá kú. Tí ìròyìn bá ti ń dín kù láti ibẹ̀, ọpọlọ a máa gbìyànjú láti fetí sílẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí rédíò rẹ̀ kò mú ìbùdó kan dáadáa tó wá gbé ohùn rẹ̀ sókè títí tí gbogbo rẹ̀ fi di shhh. Shhh yẹn ni ẹni náà ń gbọ́. Ìdí nìyí tí gígé iṣan etí pàápàá kì í fi í sábà dá a dúró, ìdí náà sì nìyí tí ìtọ́jú tó dára jù lọ́wọ́lọ́wọ́ fi dá lórí kíkọ́ ọpọlọ láti má kà á sí mọ́: ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ẹni tí etí rẹ̀ ti di díẹ̀. Kò tíì sí oògùn tí ń lé e lọ. Ẹni tó bá ní òun ní àgbo tí ń lé e lọ láàárín ọjọ́ méje, owó ló ń wá.

Ní Èkìtì, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn dókítà etí ní EKSUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, àti ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. W. A. Adegbiji àti T. G. Olajide wà lára àwọn tí orúkọ wọn máa ń jáde nínú àwọn ìwé àtìgbàdégbà lórí àìsàn etí àwọn ènìyàn wa. Mo mọyì iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí i, kò sẹ́ni tí ìbá mọ ohun tí ń ṣe etí ará Adó. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn: ìwé ìtọ́jú aláìsàn tó wá sílé ìwòsàn ni wọ́n sábà ń lò. Ẹni tí owó ọkọ̀ wọ́n fún láti Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti da òróró gbígbóná sí etí rẹ̀ tó sì jókòó sílé kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí Lasisi ṣe fún àgbàlagbà, àwa Èkìtì kò tíì rí ẹni tó ṣe é fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ wa, láti ilé dé ilé.

Ọ̀rọ̀ ariwo pẹ̀lú ń bẹ. Ní Òkè-Ìlá ní Adó, tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀rọ ìlọta ń ké, wẹ́dà ń gé irin, pánẹ́ẹ̀lì bítà ń lu páànù, gbohùngbohùn ilé ìjọsìn sì dojú kọ títì. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ń tẹ̀lé ní kí ènìyàn má ṣe wà nínú ariwo tó ju desibẹ́lì 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Tó bá fi 3 lé sí i, wákàtí tó yẹ á dín sí ìdajì. Ní 2005 àti 2006, F. E. Ologe, ọ̀jọ̀gbọ́n etí ní Ìlọrin, pẹ̀lú T. M. Akande àti Olajide tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin jáde. Púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ ló mọ̀ pé ariwo ń ba etí jẹ́. Díẹ̀ ló ní ohun ìdí-etí, díẹ̀ nínú àwọn tó ní i ló ń lò ó déédéé. Ìmọ̀ wà, ìlò ni kò sí. Bó bá rí báyìí ní ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ọ̀gá àti òfin, kí ni ká retí lọ́dọ̀ wẹ́dà tí kò ní ọ̀gá kankan?

Oògùn pẹ̀lú ń ba etí jẹ́. Kuníìnì tí a fi wo ibà fún ọdún gbọọrọ máa ń mú kí etí hó, tó bá sì pọ̀ jù, etí á di fún ìgbà díẹ̀. Láti 2005 tí Nàìjíríà ti yí oògùn ibà padà sí àwọn oògùn àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACT, ìyẹn ti dín kù. Abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, nítorí ìpalára tirẹ̀ kì í lọ. Kẹ́mísìtì tó ń gún un fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná láìsí àyẹ̀wò ń fi ìgbọ́ràn ọmọ náà ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló sì gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀. Èéyi, àrùn yírùnyírùn àti ibà líle ni àwọn ìwádìí wa láti àwọn ọdún 1980 máa ń tọ́ka sí fún etí tó di pátápátá lára ọmọ. Àjẹsára ti ran wa lọ́wọ́ níbẹ̀. Èyí tó kù ni ti ìbí. Bolajoko Olusanya, dókítà ọmọdé ní Èkó, tí ìgbọ́ràn tirẹ̀ pàápàá kò pé, rí ohun kan tí àwọn òyìnbó kò ronú sí: òdiwọ̀n tiwọn ni pé ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti yẹ etí ọmọ wò ní kété tí wọ́n bá bí i, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni wọn kì í bí sí ilé ìwòsàn. Ibo ni gbogbo ìyá ń gbé ọmọ lọ? Ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ lọ ní 2005, wọ́n sì yẹ ọmọ tó lé ní 2,000 wò. Ìwé náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2008. Mi ò mọ ìwádìí ìgbọ́ràn kan láti ọ̀dọ̀ wa tó rọrùn tó báyìí, tó sì gbọ́n tó báyìí.

Iṣẹ́ rẹ̀ tún gbé ibà apọ́njú ọmọ tuntun síwájú. Tí ibà náà bá pọ̀ jù lára ọmọ, ó ń wọ ọpọlọ, ó sì ń pa iṣan etí. Àwa náà ń dá kún un: kánfọ̀ tí à ń kó sáàárín aṣọ ọmọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ léwu fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà á máa fọ́, ibà apọ́njú á sì dé.

Àbínibí ńkọ́? Ní Adamorobe ní Gánà, abúlé kan tí adití pọ̀ sí, àwọn onímọ̀ rí àléébù kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní connexin 26, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1998. Jíìnì yìí kan náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò lára adití nílẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí Lasisi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wò ó lára àwọn adití Nàìjíríà, nínú ìwé tó jáde ní 2014, àwọn jíìnì tó wọ́pọ̀ níbòmíràn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà láti òkè òkun fún owó gọbọi lè má rí ohunkóhun, kì í ṣe pé ọmọ náà kò ní àbínibí.

Tí mo bá wo gbogbo rẹ̀ láti Òkèmẹ̀sí títí dé Èkó, ohun kan ló ń jáde: ìṣòro etí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ nínú etí. Inú ìkòkò ọbẹ̀, inú abẹ́rẹ́, inú ariwo, inú àpótí aṣọ ọmọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí dókítà etí á sì bá a nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Fífi dókítà etí nìkan sí i kò tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2021 ṣírò pé ènìyàn 430 mílíọ̀nù ló nílò ìrànlọ́wọ́ nítorí ìgbọ́ràn. Iye onímọ̀ ìgbọ́ràn tó wà lọ́dọ̀ wa kò tó fún ìlú kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ìpínlẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò pọ̀. Wọ́n ní ibùdó BCG ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì méjì láti lò ó, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ tó bá kùnà sílẹ̀ fún EKSUTH tàbí Ìdó. Ọmọ tí wọ́n bá rí kó tó pé oṣù mẹ́fà lè sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n bá rí ní ọdún mẹ́rin, ilé-ìwé àwọn adití ní Ìkòrò ni yóò kọ́kọ́ ti mọ̀ pé èdè wà. Ìyá tó ń kàwé yìí, kó kánfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ rẹ lónìí. Ẹni tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo bá ń hó, tàbí tí etí rẹ̀ ṣàdédé di mọ́jú, kó má dúró de ọjọ́ ọjà, kó má sì da nǹkan kan sí i: oògùn wà fún èyí tó ṣàdédé di, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù.